Ọjọ́ Tí Olùdíje Pe Zhibi Ní Tukpa, Àti Ohun Tí Mo Kọ́ Lẹ́yìn Sípíkà

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Lokogoma ló ní kí n kọ èyí. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí iṣẹ́ tí èèyàn lè yàn láàyò. Wọ́n pe dókítà, wọ́n pe òṣìṣẹ́ báńkì, wọ́n pe ọmọbìnrin kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ìgbà tó yá ni wọ́n rántí pé bàbá kan ń jókòó lẹ́yìn tábìlì ní ìpẹ̀kun ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, tó ń yí nǹkan roboto-roboto. Wọ́n ní, "Dádì, ẹ̀yin náà ẹ wá sọ tiyín." Mo sọ ọ́ títí alága ìpàdé fi ń wo aago. Wọ́n ní kí n lọ kọ ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó bá bi arúgbó ní ìtàn, kó jókòó dáadáa.

Iṣẹ́ ohùn ni mo ṣe jẹun. Èmi ni mo ń gbé sípíkà, máíkì, míksà àti jẹnẹrétọ̀ lọ síbikíbi tí ẹnì kan bá ti fẹ́ bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀. Mo ṣe ìgbéyàwó, mo ṣe ìsìnkú, mo ṣe ìsọjí, ṣùgbọ́n ìpolongo ìbò ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn olóṣèlú sì ń pè mí ní Bàbá Sípíkà. Ibi tí mo máa ń dúró sí nìkan ni èèyàn ti lè rí ojú olùdíje àti ojú àwọn olùdìbò pa pọ̀, ní ìṣẹ́jú tí àṣìsọ bá bọ́ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó àṣìsọ jọ lọ́kàn bí ọmọdé ṣe ń kó ìkarahun ìgbín jọ. Mo mọ̀ wọ́n ní oríṣiríṣi.

Ẹ̀gbọ́n mi, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló mú mi láti Ìkọ̀lé-Èkìtì wá sí Àbújá nígbà tí àwọn ọ́fíìsì ṣì ń kó bọ̀ láti Èkó. Ó fẹ́ kí n ṣe mẹ́séńjà. Wọn ò gbà mí, ọ̀rọ̀ ìyẹn sì parí síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo ń ti ibẹ̀ bọ̀ ni mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Lámídì kọjá ní Gáríkì. Ó tú inú amplifáyà kan síta, ó ń fi irin tó gbóná jó òjé mọ́ wáyà inú rẹ̀, èéfín funfun ń jáde. Mo dúró, mi ò lè lọ mọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ mọ̀ ọ́n?" Mo ní mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀gá Lámídì, ó gbọ́ Hausa bí ẹni tí wọ́n bí sí Kánò. Gbogbo ayé ló ń yá ohùn ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn tirẹ̀ sì kéré bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kò lù mí rí, kò sì pariwo mọ́ mi. Ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Odindi ọdún àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan máíkì, àfi wáyà ni mò ń ká. Ẹ má rò pé wáyà kíká jẹ́ nǹkan kékeré. Ẹni tó bá ká a mọ́ ìgbọ̀nwọ́ bí okùn ìyá àgbà, ó ti bà á jẹ́. Á lọ́ nínú, bàbà tó wà nínú rẹ̀ á máa já díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ níta ò sì ní fi nǹkan kan hàn. Bí o bá ká ìká kan sókè, èkejì á gba abẹ́ wọlé, títí dé òpin. Tí mo bá ká a tán, Ọ̀gá á di etí rẹ̀ kan mú, á ju ìyókù sílẹ̀. Bí ó bá nà gbọọrọ, á kọjá lọ láìsọ nǹkan kan. Bí ó bá ta kókó kan ṣoṣo, á ní, "Tún un ká," á sì lọ mu tíì.

Ẹ̀kọ́ kejì dé nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìpolongo. Mo jókòó ti amplifáyà, mo ń wo olùdíje bí ó ṣe ń fò sókè. Ọ̀gá fi ìka yí orí mi sí ọ̀dọ̀ àwọn èrò.

"Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò kàn ọ́. Àwọn tó ń gbọ́ ni kí o máa wò."

Mo ní, "Ojú wọn, sà?"

"Ẹsẹ̀ wọn. Ojú máa ń purọ́. Ọwọ́ tí wọ́n bá sanwó fún á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó sanwó fún ẹsẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti di ẹrù tán, tí ọkọ̀ ti ń lọ, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Níbo ni ẹsẹ̀ wọn ti yí?" Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí olùdíje ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn èèyàn súnmọ́ iwájú, àti èyí tó ń sọ nígbà tí wọ́n kọjú sílé. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ láàárín àwọn sípíkà ni tèmi lọ́jọ́ kejì.

Òfin kan ṣoṣo ló sì fi dè mí. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ pa máíkì mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu láé, ohun yòówù kó sọ. "Ẹni tí a bá fún ní máíkì, tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí o bá pa á mọ́ ọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà ti di tìẹ."

Àṣìsọ àkọ́kọ́ tí mo fojú rí, Gwagwalada ló ti ṣẹlẹ̀. Olùdíje náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn ni. Ó parí ọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó ké sí gbogbo èèyàn pé kí wọ́n dìbò fún ẹgbẹ́ òun, ó sì dárúkọ ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀. Gbogbo pápá dákẹ́. Ni obìnrin kan tó ń ta kúnú níwájú bá pariwo, "Alhaji! Ìyàwó tí ẹ kọ̀ sílẹ̀ lẹ ń pè yẹn o!" Pápá bú sẹ́rìn-ín. Olùdíje náà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣí.

Nínú ọkọ̀, Ọ̀gá ní, "Níbo ni ẹsẹ̀ wọn ti yí?"

"Kò yí rárá, sà."

"Kí ló dé tí kò yí?"

"Kò bú ẹnikẹ́ni."

"Ó kù."

Mo ronú títí a fi dé Zuba. Mo ní, "Gbogbo wọn ti mọ ẹgbẹ́ tó ti wá tẹ́lẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àṣìsọ tí kò bá sọ nǹkan tuntun nípa ẹni, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń san án."

Ẹlẹ́ẹ̀kejì yàtọ̀. Olùdíje kan ṣèlérí fún abúlé kan pé bí òun bá wọlé, òun á parí kíníìkì wọn tí ìjọba pa tì. Kíníìkì náà ti parí tipẹ́. Ẹ̀yìn ni ọkùnrin náà kọ sí i bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan yọjú lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí wa. Kò sí ẹni tó bínú, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín púpọ̀, àwọn èèyàn kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń wọn ọ̀rọ̀ náà wò: ọkùnrin yìí ò dé ibí rí. Ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n orí. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì láìpe àpèjọ kankan, ó wọ inú kíníìkì náà, ó tò sórí ìlà, ó ní kí wọ́n bá òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru òun. Wọ́n dìbò fún un. Bí ẹṣin bá dá ni, ṣebí a máa ń tún un gùn ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo fi kọ́ ìbẹ̀rù. Olùdíje ńlá kan parí ọ̀rọ̀ dídùn, ó jókòó, máíkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹnu sí etí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ pín ìrẹsì fún wọn, ká máa lọ. Kí ni wọ́n mọ̀?" Sípíkà wa gbé e jáde, ó mọ́ gaara. Kò sí ariwo kankan. Àwọn obìnrin dìde, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n gbọn eruku ìdí rẹ̀ dànù, wọ́n ń lọ ní méjì-méjì. Wọ́n gba ìrẹsì o. Wọ́n gbà á, wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì dìbò fún ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkùnrin náà wá bá wa jà pé kí ló dé tí a ò pa máíkì. Ọ̀gá Lámídì fi ohùn kékeré rẹ̀ dá wọn lóhùn: "Máíkì ò ní ẹnu. Ẹnu yín ló yá lò."

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Mo sọ ọ́ di àṣà: lẹ́yìn ìpolongo kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa tó ń ti ọmọlanke, mo máa ń dúró ti àwọn ọlọ́kadà, mo máa ń bi wọ́n pé, "Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ sí?" Kò sí ìwé tó kọ́ mi. Ohun tí mo rí ni pé àwọn èèyàn kì í dá ahọ́n lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n ń wádìí ni pé kí ló wà níbẹ̀ kí ahọ́n tó yọ̀. Bí ó bá jẹ́ àárẹ̀ ni, wọ́n á dárí jì í. Bí ó bá jẹ́ àìmọ̀ ni, wọ́n á ní kó lọ kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gàn ni, ó tán.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Sípíkà ẹlẹ́nu gbàngbà bíi ti fèrè la fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń mú kí gbogbo èèyàn dún bí ẹni tó wà nínú agolo, bátìrì ọkọ̀ la sì ń so ó mọ́. Lẹ́yìn náà ni sípíkà onípákó dé, tó wúwo tó fi ba ẹ̀yìn mi jẹ́. Lónìí, oníke ni, ọmọbìnrin kan lè dá gbé e. Máíkì tí kò ní wáyà dé, àwọn olùdíje wá ń rìn kiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé, wọ́n ń rìn lọ síwájú sípíkà fúnra wọn, sípíkà á wá máa hu bí ajá. Míksà tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú bíi fóònù náà dé. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Fóònù ọwọ́ àwọn èrò ló yí iṣẹ́ wa padà jù. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó wà ní pápá ló máa ń gbọ́ àṣìsọ. Nísinsìnyí, kí olùdíje tó sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó wà nídìí ata ní ọjà Wuye ti ń rẹ́rìn-ín rẹ̀. Ìdájọ́ àwọn méjèèjì kì í sì í dọ́gba. Ẹni tó wo fóònù gbọ́ ọ̀rọ̀ nìkan. Ẹni tó wà ní pápá rí ènìyàn.

Ọ̀gá Lámídì ti lọ sinmi, Ọlọ́run kó tẹ́ ẹ sí rere. Mo ti dá dúró tipẹ́ kó tó kú. Iṣẹ́ wa kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀rọ ẹni ni owó ìfẹ̀yìntì ẹni. Nígbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo ra ẹ̀rọ tuntun kan pátápátá, sípíkà, míksà, jẹnẹrétọ̀. Ètò mi ni pé kí n fi ṣe ìpolongo ìbò kan péré, kí orúkọ rẹ̀ kàn, kí n wá jókòó sílé, kí n máa yá a fún àwọn ọ̀dọ́ tó ní agbára. Bí nǹkan kan bá ṣe ẹ̀rọ yẹn, èmi àti ìyàwó mi ò ní ohun tí a ó fi jẹun ọjọ́ alẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Mama Rifkatu ló gbà mí fún ìpolongo náà. Ó ń díje fún alága ìjọba ìbílẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú. Ọmọ ẹ̀yà Gbagyi ni, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń rìn bí ẹni tí agogo ilé ìwé ń pè. Ẹni tó ń darí ìpolongo rẹ̀ ni Dámilọ́lá, ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ ní Galadimawa. Ọmọ dáadáa ni, ó ní ọpọlọ, ṣùgbọ́n ojú fóònù ló fi ń wo ayé.

Abúlé méjì wà níbẹ̀, Zhibi àti Tukpa, kò jìnnà síra. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wọn ti fi kẹ́ẹ̀gì lu ara wọn lórí rẹ̀, orí fọ́, ọlọ́pàá dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Mama lọ sí Tukpa pẹ̀lú àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́. Èmi ò bá wọn lọ, Zhibi ni mo lọ tààrà láti to ẹ̀rọ. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀sán, ó ti yà sí abúlé mìíràn mélòó kan, oòrùn sì ti pa á.

Hausa ni gbogbo wa ń sọ níbẹ̀, mo kàn ń fi Yorùbá ròyìn rẹ̀ ni. Mama gun orí ọkọ̀ akẹ́rù tí a fi ṣe pèpéle. Ó gba máíkì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin ará Tukpa, mo kí yín!"

Mo wo ẹsẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ dúró gbagidi. Ní apá òsì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ wà, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta.

Dámilọ́lá sáré dé ọ̀dọ̀ mi. "Dádì, ẹ pa á! Ẹ pa máíkì!"

Mo ní, "Mi ò jẹ́ pa á. Jẹ́ kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe."

"Dádì, wọ́n ń fi fóònù ká a sílẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́!"

Mama ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ nígbà tí Dámilọ́lá fò lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó pa á, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Ohùn kú. Ẹnu Mama ń mì, kò sí nǹkan tó ń jáde.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló burú ju àṣìsọ náà lọ. Kí ohùn tó kú, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ ni pé, "Ó ti gbàgbé orúkọ wa." Lẹ́yìn tó kú, mo gbọ́ ohùn kan pé, "Wọ́n fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀!" Òmíràn ní, "Tukpa ló ti rà á!" Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ síwájú. Kí ni wọ́n á kọ́kọ́ kàn? Sípíkà mi. Mo jáde lẹ́yìn tábìlì, mo lọ dúró níwájú sípíkà ọ̀tún, mo na apá mi bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Mo mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni; sípíkà òsì ò ní ẹni tó dúró tì í.

Mama Rifkatu kò dúró lórí ọkọ̀. Ó di ọwọ́ awakọ̀ mú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ sí àárín àwọn obìnrin tó wà níwájú, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn. Ìyẹn nìkan dá àwọn ọ̀dọ́ náà dúró, nítorí wọ́n á ní láti tẹ àwọn ìyá wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mai Unguwa, olórí abúlé, ọkùnrin gbọọrọ kan tó wọ jalabíà búlúù, dìde dúró.

"Ẹ dákẹ́! Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lè ju òkúta yín."

Mama ní, "Mo pè yín ní Tukpa. Àṣìṣe ni. Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ̀rọ̀, ó ti rẹ̀ mí."

Ìyá àgbà kan tó jókòó tì í kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Orúkọ ò ṣe nǹkan. Ọmọ mi náà, orúkọ àbúrò rẹ̀ ni mo fi máa ń pè é. Ṣùgbọ́n omi ńkọ́? Bí o bá dé orí oyè, ṣé ẹ̀rọ omi náà ò ní ṣèèṣì di ti Tukpa?"

"Haba, ìyá ti sọ ọ́!" làwọn èèyàn ń wí. Ìbéèrè gan-an nìyẹn.

Mama ní, "Ohun tí mo sọ fún wọn lówùúrọ̀ ni mo wá sọ fún yín. Abúlé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ omi tirẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, ẹ ó máa pín in: wọ́n á pọn lónìí, ẹ̀yin á pọn lọ́la. Kò dùn mọ́ wọn. Ẹ pè wọ́n, ẹ bi wọ́n."

"Ta ló fẹ́ pe Tukpa?" ni ọ̀dọ́ olókùúta náà wí.

Mai Unguwa ti yọ fóònù. Ó ń wá nọ́mbà olórí Tukpa. Ẹnì kan ní, "Mai Unguwa! Pẹ̀lú gbogbo ìjà yìí, ẹ ṣì ní nọ́mbà rẹ̀?"

Ó ní, "Nọ́mbà ọ̀rẹ́ lè sọnù. Ẹ má fi nọ́mbà ọ̀tá ṣeré!" Ẹ̀rín díẹ̀ bọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn.

Ṣùgbọ́n fóònù kékeré ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní gbọ́ nǹkan kan, ẹni tí kò bá sì gbọ́ á sọ ohun tó wù ú. Mo yíjú sí Dámilọ́lá, mo na ọwọ́.

"Kọ́kọ́rọ́."

"Dádì, a ò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn máa sọ! Ó lè bú wọn! Ó lè ní irọ́ ni! Wọ́n á fọ́ gbogbo nǹkan yín!"

"Mo mọ̀. Kọ́kọ́rọ́."

Ó fún mi. Jẹnẹrétọ̀ jí. Mo mú máíkì, mo lọ bá Mai Unguwa, mo fi máíkì náà sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóònù, kò kàn án, nítorí bí ó bá kàn án, kíkùn ni á máa kùn. Fóònù ń dún lọ́hùn-ún. Gbogbo Zhibi ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Gbogbo ohun tí mo ní láyé wà lórí ohun tí ọkùnrin kan tí mi ò rí rí fẹ́ sọ.

"Sànnu, Mai Unguwa. Kí ló dé? Ẹ tún ti jà ni?"

"A ò jà. Rifkatu wà níbí. Kí ló sọ fún yín lówùúrọ̀ nípa omi?"

Ọkùnrin náà kẹ́dùn. Sípíkà gbé ìkẹ́dùn náà jáde dé ẹ̀yìn igi máńgòrò. "Kai, ọ̀rọ̀ tí kò dùn ni. Ó ní ká máa pín in. Ọjọ́ kan tiwa, ọjọ́ kan tiyín. Àwọn ọmọ wa hó lé e lórí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀yin náà hó lé e?"

Mai Unguwa wo àwọn èèyàn rẹ̀. Ìyá àgbà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n dunnú pé kò dùn mọ́ Tukpa! Ẹ̀rín náà gba gbogbo pápá. Mo wo ẹsẹ̀: wọ́n ń sún mọ́ iwájú. Mama gba máíkì lọ́wọ́ mi níbi tó jókòó sí, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pe orúkọ Zhibi, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún orúkọ ara wọn bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí a ń di ẹrù, ọ̀dọ́ olókùúta ló gbé sípíkà òsì sínú ọkọ̀ fún mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yín dára o. Èló lẹ ń gbà fún ìgbéyàwó?"

Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Kò tán. Kí n tó dé Galadimawa, fídíò ti yí gbogbo ìlú ká: Mama ń pe Zhibi ní Tukpa, ohùn kú, ẹnu rẹ̀ ń mì. Wọ́n gé e síbẹ̀. Kò sí ìyá àgbà níbẹ̀, kò sí fóònù. Àwọn èèyàn ní ó ti tán fún un. Wọ́n tún ní oníṣẹ́ ohùn tí ẹ̀rọ rẹ̀ kú láàárín ọ̀rọ̀, kí ni ó tún ń wá? Àwọn méjì tó ti fẹ́ yá ẹ̀rọ mi pè láti ní kí n má wulẹ̀ ṣèyọnu. Sípíkà mi ò fọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ló ń fọ́ yẹn, orúkọ oníṣẹ́ ohùn kò sì ní ẹni tó ń fi òjé jó o pa dà. Dámilọ́lá wá sílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun á sọ fún gbogbo ayé pé òun lòun pa jẹnẹrétọ̀. Ó sọ ọ́ o. Fídíò ti yára jù ú lọ. Ìyàwó mi ní, "Bí Zhibi ò bá dìbò fún obìnrin yìí, ìwọ ni wọ́n máa dá a lé lórí." Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ ìbò dé. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Lokogoma, mi ò lè jẹun. Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń ka ìbò lójú gbogbo èèyàn ní àwọn abúlé, fóònù mi dún. Mai Unguwa ni. Kò kí mi. Ó kàn na fóònù náà síta sí ibi tí wọ́n ti ń kà á. Mo pa ojú mi dé. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń kà, àwọn èèyàn ń kà tẹ̀ lé e, ohùn wọn ń ròkè sí i bí iye náà ṣe ń pọ̀ sí i. Mo gbọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi ahọ́n dárin ayọ̀ bí ará Àríwá ṣe ń ṣe. Mo sì gbọ́ ẹsẹ̀, tí gbogbo wọn ń fò lórí ilẹ̀ pa pọ̀.

Mo mí kanlẹ̀. Ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò tíì sọ nǹkan kan," ni mo wí. "Bu oúnjẹ wá. Mama ti wọlé ní Zhibi."